Ìfun Ẹlẹ́dẹ̀ Nínú Ère Àlùfáà

Kí oòrùn tó yọ ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ la ojú àwọn ère mẹ́rin ní ìlú Shaping, Yinzhen, ìyàwó Ke Tieshan, ti wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Omi àkọ́kọ́ jẹ́ omi kànga, ó tutù débi pé eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Omi kejì ní ewé olóòórùn nínú. Ẹ̀kẹta ni omi tó sun iwájú pẹpẹ mọ́jú, ìyẹn ni kò sì gbọdọ̀ fi aṣọ nù. Afẹ́fẹ́ ni kó gbẹ ẹ́. Ẹni tí yóò ki ọwọ́ bọ ọlọ́run nínú kò gbọdọ̀ gbé òógùn àná lọ síbẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Bàbá ọkọ rẹ̀, Ke Banshan, ló ń gbẹ́ ère. Yinzhen ló ń rán ohun tó wà nínú ère. Nítorí ní etí odò Yuan, ère tí kò ní ìfun kì í ṣe ọlọ́run, igi ìdáná tó wọṣọ ni. Wọ́n á gbẹ́ ihò sí i lẹ́yìn, wọ́n á fi sẹ́dà rán ọkàn pupa, ẹ̀dọ̀ aláwọ̀ ewé, ẹ̀dọ̀fóró funfun àti ìfun aláwọ̀ ìyeyè, wọ́n á tò wọ́n síbẹ̀ bí ìyá ṣe ń di ẹrù fún ọmọ tó ń lọ sájò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á dé ihò náà, wọ́n á sì fi ẹ̀jẹ̀ àkùkọ kan ojú ère. Láti ìgbà náà lọ, ó ti di alààyè nìyẹn. Kí kálukú ṣọ́ ẹnu rẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ìgbà náà, ìjọba Ming ń mì bí eyín arúgbó. Ìyàn ti mú kí àwọn ará àríwá máa bó èèpo igi jẹ, àwọn ọlọ̀tẹ̀ sì ń lọ láti ìlú dé ìlú bí iná inú ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n Shaping ṣì ń jẹ ìrẹsì, ó ṣì ń mu tíì, ó ṣì ń jà nítorí ààlà oko. Nǹkan kan ṣoṣo ló ń ká wọn lára: mànàmáná ti jó ilé òrìṣà wọn, Arìnrìn-àjò kò sì níbùgbé mọ́. Ta ló wà létí odò náà tí kò mọ Arìnrìn-àjò? Àlùfáà ni, ẹni tó fi ẹsẹ̀ rin ìrìn ọdún púpọ̀ lọ sí Ìwọ̀-Oòrùn, tó la aṣálẹ̀ àti òkè yìnyín kọjá, kó lè gba ìwé Búdà wá fún àwọn èèyàn rẹ̀. Kò jẹ ẹran rí láyé. Àwọn mẹ́ta ló ń tẹ̀lé e: Ọ̀bọ tó bá ọ̀run jà, Ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n lé kúrò lọ́run nítorí ọ̀kánjúwà, àti Ará Odò tó ń pa èrò jẹ kó tó di ọmọlúàbí. Bí ìpọ́njú bá dé, àwọn ni Shaping máa ń gbé jáde, ọ̀nà tí Àlùfáà bá sì kọjú sí ni ìlú máa ń gbà.

Ke Banshan rí igi olóòórùn ńlá kan nínú igbó, ó gé e sí mẹ́rin ọgbọọgba. Ó gbẹ́ Ọ̀bọ tojú tẹyín. Ó gbẹ́ ikùn Ẹlẹ́dẹ̀ síwájú bí ìkòkò ọtí. Ṣùgbọ́n láti ẹ̀yìn, aṣọ àlùfáà kan náà ni gbogbo wọn wọ̀, gíga kan náà, èjìká kan náà. Ó máa ń fi ìyẹn yangàn fún àlejò.

"Láti iwájú, ìwà wọn yàtọ̀," ni bàbá máa ń wí. "Láti ẹ̀yìn, ìrìn-àjò kan náà ni wọ́n ń rìn."

Ọ̀rọ̀ tó dùn ni. Díẹ̀ ló kù kí ọ̀rọ̀ dídùn náà pa ìlú run.

Odindi oṣù mẹ́ta ni Yinzhen fi rán ìfun. Nígbà tó kan ti Ẹlẹ́dẹ̀, ọkọ rẹ̀ jókòó tì í, ó ń fi àmọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ba ilẹ̀ jẹ́.

"Èyí mà kúrú, Yinzhen. Gígùn apá mẹ́rin péré? Ṣé ọmọ tuntun lo fẹ́ bí ni?"

"Ti Àlùfáà náà ò ju apá mẹ́rin lọ."

"Àlùfáà ń gbààwẹ̀! Fún Ẹlẹ́dẹ̀ ní tó pọ̀. Wọn ò gbọdọ̀ sọ pé ilé Ke febi pa ọlọ́run."

Yinzhen rẹ́rìn-ín títí, ó sì rán ìfun Ẹlẹ́dẹ̀ ní ìwọ̀n apá mẹ́sàn-án. Nínú ọkàn Àlùfáà, ó rán ìwé kékeré kan mọ́ ọn: ẹ̀bẹ̀ Ọlọ́lá Fu Maode, ẹni tó ni àká ìrẹsì tó tóbi jù lójú ọ̀nà ìlà-oòrùn, ẹni tó sì náwó jù sórí àwọn ère náà. Ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ni pé kí ọmọ òun yege ìdánwò ìjọba, kó di adájọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìlajú yìí, àwọn ère dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ńṣì mẹ́rin. Aṣọ pupa bò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀, ihò ẹ̀yìn nìkan ló hàn. Yinzhen ti gbé àwo ìfun kọ̀ọ̀kan sí ìdí bẹ́ńṣì tirẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́: ti Àlùfáà lápá òsì pátápátá, ti Ẹlẹ́dẹ̀ lápá ọ̀tún pátápátá, àwọn méjì yòókù láàárín. Nígbà tó ń wẹ omi kẹta lẹ́yìn aṣọ ìkélé, Ọlọ́lá Fu wọlé. Ó wọ agbádá sẹ́dà aláwọ̀ aró tó fẹ̀ lápá, fìlà dúdú rẹ̀ sì le bí páànù. Ó wo ibi tí wọ́n tẹ́ ẹní sí fún un láti kúnlẹ̀, lápá ọ̀tún lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó sì bojú jẹ́.

"Kí ló dé tí Àlùfáà fi jìnnà sí mi tó báyìí? Ṣé ẹ fẹ́ kí n máa pariwo ẹ̀bẹ̀ mi ni? Ẹ gbé e wá síbí."

Àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ gbé Àlùfáà wá sápá ọ̀tún, wọ́n sì gbé Ẹlẹ́dẹ̀ lọ sápá òsì. Wọ́n gbé ère, wọn ò gbé àwo. Ke Banshan wà níta, ó ń di àkùkọ lẹ́sẹ̀. Yinzhen jáde láti ẹ̀yìn ìkélé pẹ̀lú ọwọ́ tó ṣì ń kán omi, wọ́n lu agogo, ìdákẹ́jẹ́ sì bẹ̀rẹ̀.

Ìdákẹ́jẹ́ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Láti ìgbà tí ọwọ́ bá wọ ihò títí ojú ère yóò fi là, ẹni tó bá sọ̀rọ̀ ti sọ ọlọ́run di odi. Yinzhen lọ láti bẹ́ńṣì dé bẹ́ńṣì. Ọkàn, ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀fóró, ìfun. Lórí bẹ́ńṣì tó kẹ́yìn ó tẹ apá mẹ́sàn-án náà wọlé, ó ń fi àtàńpàkò tì í bí ẹni ń ki òwú sínú ìrọ̀rí, ó sì ń rẹ́rìn-ín sínú nítorí ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀. Bàbá ọkọ rẹ̀ dé ihò wọn, ó fi àtè lẹ̀ ẹ́. Àwọn ọkùnrin yí ère sókè. Wọ́n ká aṣọ pupa.

Ojú tó ń wo Yinzhen láti orí bẹ́ńṣì tó kẹ́yìn tẹ́ẹ́rẹ́, ó tutù, kò ní irun, àánú sì kún inú rẹ̀. Ojú Àlùfáà ni. Ní ìpẹ̀kun kejì, imú gígùn kan na sókè sí òrùlé.

Ẹnu Yinzhen ṣí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bò ó. Ke Banshan ti ki gègé bọ inú ẹ̀jẹ̀ àkùkọ; ó kan ojú ọ̀tún, ó kan ojú òsì, ó kọjá sí èkejì. Nígbà tí agogo dún, tí gbogbo ilé hó yèè, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ọlọ́run mẹ́rin ti jí, méjì nínú wọn sì gbé inú ara wọn.

Ó yẹ kó sọ ọ́ nígbà náà. Ṣùgbọ́n Ọlọ́lá Fu ti ń sunkún ayọ̀, bàbá ọkọ rẹ̀ ti ń gba ìkíni bí ọkọ ìyàwó, Tieshan ọkọ rẹ̀ sì ti wà lábẹ́ ọ̀pá àga Àlùfáà, àyà rẹ̀ yọ síwájú, nítorí òun ni wọ́n yàn láti ṣáájú àwọn mẹ́rin tí yóò gbé e.  Yinzhen ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé, ta ló máa ń yẹ inú ọlọ́run wò?

Wọ́n jáde. Àga mẹ́rin, ọkùnrin mẹ́rin lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, èéfín tùràrí, àsíá ìyeyè, àti ẹṣin funfun kan tí ẹnikẹ́ni kò gùn, tó ń rìn níwájú fúnra rẹ̀. Àwọn obìnrin ti ki fàdákà bọ irun, àwọn arúgbó wọ aṣọ tí wọ́n fẹ́ fi sin wọ́n. Kò pẹ́ tí àwọn tó wà lábẹ́ àga fi mọ̀ pé igi kọ́ ni àwọn gbé. Ọ̀pá náà ń mí. Ó ń wúwo, ó ń fúyẹ́, ó ń fà wọ́n. Ẹni tó bá gbé ọlọ́run sí èjìká kì í sọ ọ́ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọlọ́run ni yóò wúwo, tí yóò fi hàn pé ó tó. Ẹni tó bá sọ ọ̀pá náà nù nígbà tí ọlọ́run ṣì wà láàyè lórí rẹ̀, ó ti sọ ilé bàbá rẹ̀ nù nìyẹn.

Àga Ọ̀bọ ń fò sókè sódò, àwọn tó gbé e ń ké bí ẹni tí wọ́n rẹ́ ní ìhà. Ṣùgbọ́n àga Àlùfáà! Ó yà síbi tí wọ́n ti ń din ẹ̀wà. Ó yà sílé tí wọ́n ti ń se ìrẹsì. Nígbà tó dé iwájú ìsọ̀ alápatà, ó dúró gbọin, ó sì tẹ̀ síwájú títí iwájú orí Àlùfáà fi kan itan ẹlẹ́dẹ̀ tó so kọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn," ni ẹni tó wà lẹ́yìn Tieshan wí. Gousheng lorúkọ rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni Àjẹkù-Ajá; bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí ikú lè kórìíra rẹ̀, ikú sì gbọ́. "Ẹ bá mi bi Àlùfáà yìí, ṣé kì í ṣe pé ó fẹ́ padà sẹ́yìn nínú ààwẹ̀?"

"Pa ẹnu dé," ni Tieshan wí. "Ó ń ṣàánú ẹran náà ni."

"Àánú! Itọ́ àánú ló ń kán sí mi lọ́rùn yìí?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Yinzhen ò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo àga Ẹlẹ́dẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn pátápátá. Ó ń lọ jẹ́jẹ́, láìmì, bí ẹni tó ń ka àdúrà. Ó kọjá níwájú ìsọ̀ alápatà, kò yà. Ó kọjá níwájú ìkòkò tó ń hó, kò yà. Àwọn tó gbé e ti dákẹ́ ẹ̀fẹ̀, omijé sì ń bọ́ lójú ọ̀kan nínú wọn láìmọ ìdí.

Ọ̀sán ni atukọ̀ kan sáré gòkè láti etí odò, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù.

"Òkú wà nínú omi!" ló ké. "Mo ka mẹ́tàlélógún kí n tó gbé ojú kúrò. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ ti kọjá ìlú Hekou. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n á ti débí."

"Ọ̀nà wo ni wọ́n gbà?" ni Ke Banshan bi í.

"Ìyẹn ni mi ò mọ̀, Bàbá. Àwọn kan ní ọ̀nà ìlà-oòrùn ni, àwọn kan ní láti orí òkè."

Bí ẹni da omi gbígbóná sí ihò èèrà ni Shaping rí. Ọ̀nà méjì péré ni ìlú náà ní. Ti ìlà-oòrùn tẹ́jú, ó gba ẹ̀bá àká Ọlọ́lá Fu lọ sí ìlú olódi. Ti ìwọ̀-oòrùn ní láti la odò kọjá, kó sì gun òkè tí ewúrẹ́ pàápàá máa ń ronú kó tó gùn ún. Ẹni tó bá yan èyí tí kò dáa ti yan ibojì rẹ̀. Ọlọ́lá Fu na ọwọ́ sókè, apá agbádá rẹ̀ sì ṣubú sẹ́yìn.

"Kí lẹ̀ ń sunkún sí? Ṣé kò sí olùdarí láàárín wa ni? Àlùfáà rin ọ̀nà tó le ju èyí lọ. Ẹ fún un láàyè. Ibi tó bá kọjú sí, ibẹ̀ ni à ń lọ, tọmọdé tàgbà."

Wọ́n kúnlẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Afẹ́fẹ́ fẹ́ láti ìlà-oòrùn, ó sì gbé òórùn kan wá: ní àká Ọlọ́lá Fu, àwọn alásè ṣì ń fi ooru se ìrẹsì àti mantou, búrẹ́dì àlìkámà funfun, fún àsè ọjọ́ náà, láìmọ̀ pé àgbáyé ti yí padà. Àga Àlùfáà gbọ̀n. Imú ère kì í fa afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló rí i pé orí náà gbé sókè. Àga náà yí kọjú sí ìlà-oòrùn, ó sì ń fa ọkùnrin mẹ́rin sáré lọ.

"Ìlà-oòrùn!" ni ìlú pariwo. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọmọ, wọ́n ń gbé adìyẹ.

Ní àkókò náà gan-an, àga Ẹlẹ́dẹ̀ yí kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Àwọn tó gbé e fẹ́ fi tipá dá a padà, ọ̀pá náà ò gbà.

Yinzhen sáré. Ó lé ọkọ rẹ̀ bá níbi afárá òkúta, ó di apá rẹ̀ mú.

"Tieshan, sọ ọ́ kalẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́, sọ ọ́ kalẹ̀."

"Ṣé orí rẹ pé? Ọlọ́run ni mo gbé!"

"Kì í ṣe ẹni tó o rò lo gbé. Inú Ẹlẹ́dẹ̀ ló wà níbẹ̀. Èmi ni mo fi síbẹ̀. Oúnjẹ ló ń lọ jẹ, kì í ṣe pé ó ń sá fún ogun!"

Ojú Tieshan yí. Òógùn ń ṣàn wọ inú rẹ̀. "Má sọ bẹ́ẹ̀ síta. Wọ́n á pa ọ́. Wọ́n á lé bàbá kúrò nílùú."

"Tí mi ò bá sọ ọ́, ìwọ ni wọ́n á kọ́kọ́ pa. Ìwọ lo wà níwájú."

Kò dúró gba èsì. Ọlọ ńlá kan wà lẹ́bàá afárá, èyí tí màlúù fi ń lọ ọkà. Yinzhen gun orí rẹ̀, òun tí kò gbé ohùn sókè rí láàárín ọkùnrin, ó sì fi gbogbo ẹ̀dọ̀fóró ké.

"Ẹ dúró! Ẹ má tẹ̀lé Àlùfáà! Mo ṣi ìfun fún wọn. Ọkàn Àlùfáà wà nínú Ẹlẹ́dẹ̀!"

 Ọlọ́lá Fu ni ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ jáde.

"Ta ló jẹ́ kí obìnrin yìí gorí ọlọ? Ìyàwó gbẹ́nàgbẹ́nà, ìwọ ni o fẹ́ kọ́ wa ní ọ̀nà? Ẹlẹ́dẹ̀ lo fẹ́ kí n tẹ̀lé, èmi Fu Maode?"

"Ọlọ́lá, ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n gbé ère wá sápá ọ̀tún nígbà tí mò ń wẹ̀. Wọn ò gbé àwo."

Ọlọ́lá Fu wo àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ìránṣẹ́ wo ilẹ̀.

Ke Banshan fi ọ̀pá rẹ̀ la èrò já títí tó fi dé ìdí ọlọ. Ọjọ́ orí rẹ̀ ti tó àádọ́rin.

"Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?"

"Bàbá, ìdákẹ́jẹ́ ni."

"Lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ ńkọ́?"

"Ẹ̀rù bà mí, Bàbá."

Bàbá náà mí kanlẹ̀. Kí ó tó sọ ohunkóhun, ohùn Gousheng dún láti abẹ́ ọ̀pá, nítorí àga Àlùfáà ti kó àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ inú kòtò oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ ẹnì kan, ó sì ń jó níbẹ̀.

"Ẹ̀yin ará Shaping! Mo ti fi orúkọ ajá gbé ayé fún ọgbọ̀n ọdún, mo mọ ohun tí ebi jẹ́. Bí èyí bá jẹ́ Àlùfáà, a jẹ́ pé èmi ni ìyá ọba!"

Ẹ̀rín bú láàárín ìbẹ̀rù, irú ẹ̀rín tí kò jìnnà sí ẹkún. Bí ẹ̀rín náà ṣe ń lọ sílẹ̀, wọ́n yíjú, wọ́n sì rí àga Ẹlẹ́dẹ̀. Kò sí ariwo lábẹ́ rẹ̀. Ó ti dé etí odò, ó dúró, ó ń retí wọn. Imú gígùn yẹn, ikùn ìkòkò ọtí yẹn, ojú ẹ̀jẹ̀ àkùkọ méjì yẹn. Àánú tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ débi pé àwọn obìnrin kúnlẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún wọn. Ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lọ sí ìwọ̀-oòrùn.

Ṣùgbọ́n Tieshan àti àwọn mẹ́ta rẹ̀ kò lè lọ. Ọlọ́run tó wà léjìká wọn ti jáde kúrò nínú kòtò, ó ń fà wọ́n lọ síbi òórùn mantou, wọn ò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ kalẹ̀ nígbà tó ṣì wà láàyè.

"Máa lọ," ni Tieshan wí fún ìyàwó rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń họ ilẹ̀. "Yinzhen, mo ní kó o máa tẹ̀lé wọn."

Yinzhen fa àlùmọ́gàjí ìránṣọ rẹ̀ yọ nínú ìgbànú.

"Bí kò bá wà láàyè mọ́ ńkọ́?" ló bi bàbá ọkọ rẹ̀ tó dúró tì í.

Ke Banshan lóye. "Ìyàwó mi, ẹ̀mí kì í sùn sílẹ̀. Ẹni tó bá yọ inú ọlọ́run ni yóò máa gbé e kiri. Nínú ara tirẹ̀ ni yóò máa gbé, títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Èmi ò rí ẹni tó ṣe é rí."

"Ṣé á pa mí?"

"Mi ò mọ̀."

Ó gun ẹ̀yìn àga náà. Ó mì í bí ẹṣin tí wọn ò tíì fi ìjánu sí lẹ́nu, àmọ́ ó fi apá kan di ọrùn ère mú. Àtè àárọ̀ yẹn kò tíì gbẹ tán. Ìdérí ihò ṣí ní ẹ̀ẹ̀kẹta tó fi àlùmọ́gàjí gún un. Ooru jáde láti inú igi náà, ooru bí ti abẹ́ adìyẹ tó sàba. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ọkàn sẹ́dà tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán ń lù, kì-kì, kì-kì, sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Ẹ foríjì mí, Bàbá Ẹlẹ́dẹ̀," ló wí. "Ẹ wá sọ́dọ̀ mi."

Ó fà á yọ: ọkàn, ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀fóró, apá mẹ́sàn-án ìfun tó ń dán bí wúrà lójú oòrùn. Ó kó gbogbo rẹ̀ sí àyà, sábẹ́ ẹ̀wù òwú rẹ̀, ó sì so ìgbànú le. Àga náà dúró. Ó di igi. Ọkùnrin mẹ́rin wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, Gousheng sì fẹnu ko ilẹ̀.

Ọlọ́lá Fu kò tíì bá ìlú lọ, ó ń wo ihò tó ṣófo. "Ẹ̀bẹ̀ mi," ló ń wí. "Inú ọkàn Àlùfáà ni ẹ̀bẹ̀ mi wà."

"A jẹ́ pé ó ti ṣáájú yín lọ, Ọlọ́lá," ni Gousheng wí, ó ń tu iyanrìn. "Inú Ẹlẹ́dẹ̀ ló wà. Ẹ tètè."

Ọlọ́lá Fu ká agbádá rẹ̀ sókè, ó sì sáré tẹ̀lé Ẹlẹ́dẹ̀.

Ohun tí wọ́n rí ní odò, àwọn tó rí i kò fẹ́ràn láti máa sọ ọ́ ní ohùn òkè. Àsìkò omi kíkún ni, omi náà ju orí lọ. Ẹṣin funfun kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, gọ̀gọ̀ rẹ̀ léfòó bí ìfófó. Àga Ará Odò tẹ̀lé e, àwọn tó gbé e sì di ojú wọn, nítorí wọ́n rò pé ikú ni. Omi náà kò kọjá ìbàdí. Odindi ìlú rìn lórí ohun kan tó gbòòrò, tó le, tó sì ń gbé wọn sókè díẹ̀díẹ̀ bí ẹ̀yìn erin. Arúgbó kan tí kò ríran ní òun tẹ ọwọ́ ẹnì kan mọ́lẹ̀, òun sì tọrọ gáfárà. Nígbà tí ẹni tó kẹ́yìn gòkè, odò náà padà sí jíjìn rẹ̀.

Ní ẹsẹ̀ òkè, Ọ̀bọ gba iwájú. Àwọn tó gbé e kì í ṣe ọ̀dọ́mọkùnrin, ẹnì kan nínú wọn ní làkúrègbé, síbẹ̀ wọ́n gun àpáta bí ẹni gun àtẹ̀gùn ilé. Òkúta tó já láti òkè kọjú sí wọn, ó sì yà gba ẹ̀gbẹ́ kan lọ. Láàárín gbogbo rẹ̀ ni àga Ẹlẹ́dẹ̀ ń lọ, kò kánjú, kò dúró, kò kọsẹ̀. Ọmọ tó bá ń sunkún máa dákẹ́ bí ó bá ti súnmọ́ ọn. Àwọn tó ti jà nítorí ààlà oko ń gbé ẹrù ara wọn.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dé ọrùn òkè. Àga Ẹlẹ́dẹ̀ wúwo lójijì, ó sì fi hàn pé ó tó. Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n bojú wẹ̀yìn.

Àká Ọlọ́lá Fu ń jó. Èéfín rẹ̀ dúdú, ó ga, gbogbo ọ̀nà ìlà-oòrùn sì ń tàn yanran pẹ̀lú ọ̀kọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, iná wọ Shaping, láti òrùlé dé òrùlé. Wọn ò mọ̀ nígbà náà pé kí ọdún méjì tó pé, ìjọba Ming fúnra rẹ̀ yóò wó bí òrùlé yẹn, pé àwọn ò ní padà sísàlẹ̀ mọ́ láé, pé ibi tí wọ́n dúró sí yìí ni àwọn ọmọ wọn yóò máa pè nílé. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé àwọn wà láàyè. Wọ́n ka ara wọn. Kò sí ẹnì kan tó dín, títí kan àwọn alásè tí wọ́n ti ránṣẹ́ pè láti àká.

Tieshan wá ìyàwó rẹ̀ kiri, ó sì bá a lẹ́yìn àpáta kan. Ó di àyà rẹ̀ mú, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ètè rẹ̀ ti gbẹ.

"Ṣé ó ń pa ọ́ ni? Yinzhen, dá mi lóhùn! Ṣé ikú ni?"

"Ebi," ló wí, ojú sì tì í débi pé ó fẹ́ sunkún. "Tieshan, ebi ń pa mí. Mi ò mọ irú ebi yìí rí. Mo lè jẹ òkè yìí."

Gousheng gbọ́. Ẹnu rẹ̀ ti ṣí fún ẹ̀fẹ̀. Ó wo ojú obìnrin náà, ó sì pa á dé. Ó tú ìdìpọ̀ rẹ̀, ó mú ìrẹsì dídì kan jáde, oúnjẹ kan ṣoṣo tó ní, ó gbé e ka orí òkúta. Atukọ̀ tẹ̀lé e pẹ̀lú ẹja gbígbẹ. Ìyá arúgbó tí kò ríran gbé ẹ̀wà díndín wá. Wọ́n ń bọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, Yinzhen ń jẹ, omijé ń ṣàn bọ́ sínú oúnjẹ rẹ̀, ó ń tọrọ gáfárà láàárín òkèlè, kò sì lè dúró.

Ẹni tó wá kẹ́yìn ti sọ fìlà rẹ̀ nù sínú odò. Ìsàlẹ̀ agbádá sẹ́dà rẹ̀ ti fà ya. Nínú gbogbo ọrọ̀ rẹ̀, mantou mẹ́ta péré ló bá a dé orí òkè, wọ́n sì ti tẹ́ pẹrẹsẹ nínú àyà rẹ̀. Ọlọ́lá Fu Maode kúnlẹ̀ sórí òkúta níwájú ìyàwó gbẹ́nàgbẹ́nà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé mantou náà sókè títí ó fi dé ibi ìpéǹpéjú rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń gbé oúnjẹ fún ẹni tó wà lórí pẹpẹ.

"Ìyá wa," ló wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun."